Kí ẹ tó fi ọdún kún un, ẹ kọ́kọ́ bi irin náà léèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, thread yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀.

Tí a bá ń jiyàn lórí iná nuclear, owó àti ìdọ̀tí ẹ̀ la máa ń sọ. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ irin.

Nínú irú rìákítọ̀ tó wọ́pọ̀ jù láyé, inú ìkòkò irin ńlá kan ni uranium ń wà. Ara ìkòkò yẹn nípọn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Omi inú ẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 300°C, síbẹ̀ kì í hó, torí ìfúnpá tó wà lórí ẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n lè pààrọ̀ páìpù. Ìkòkò yìí ńkọ́? Wọn kì í pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá ti bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé neutron ń lu irin yẹn tọ̀sán-tòru. Tó bá gbá átọ́ọ̀mù kan, átọ́ọ̀mù yẹn á fò kúrò láyè ẹ̀, ihò á ṣẹ́kù. Àwọn ihò á máa kóra jọ. Bàbà díẹ̀ tó wà nínú irin náà á máa ṣù jọ. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, irin tó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wá ya bí ìkòkò amọ̀, pàápàá tí omi tútù bá dà lù ú lójijì.

Wọ́n mọ̀ o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kó ègé irin kan náà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á yọ díẹ̀, wọ́n á fi òòlù gbá a. Ìdánwò Charpy nìyẹn. Ó dáa, mi ò bú u. Àmọ́ ó máa sọ fún yín pé irin ti kán, kò ní sọ ohun tó jẹ ẹ́ nínú.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ibí ni positron ti wọlé.

Ó dà bí electron gan-an, àmọ́ iná tiẹ̀ jẹ́ positive. Carl Anderson rí i lọ́dún 1932. Òun kan náà ni wọ́n ń lò fún PET scan nílé ìwòsàn. Tí sodium-22 bá tú u sínú irin, á rìn kiri títí á fi pàdé electron, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, gamma méjì á jáde. Àmọ́ tó bá kó sínú ihò, electron ò pọ̀ níbẹ̀, torí náà ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Nínú irin tí kò lálèébù, nǹkan bí 110 picosecond ló ń lò. Nínú ihò átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, nǹkan bí 175. Tí ihò bá ti ṣù jọ, ó lè kọjá 300. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà tírílíọ̀nù kan, ẹ mú ẹyọ kan: picosecond nìyẹn. Wọ́n sì ń kà á! Ihò tójú ò lè rí, aago ló ń tú àṣírí ẹ̀.

Kì í ṣe idán ṣá o. Irin tó ti pẹ́ nínú rìákítọ̀ ti ní cobalt-60 lára, tó ń tú gamma 1173 àti 1332 keV jáde. Gamma tó ń fi ìbẹ̀rẹ̀ aago hàn, 1275 ni. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe sún mọ́ra? Ariwo yẹn lè da gbogbo ẹ̀ rú, torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń lo detector mẹ́ta dípò méjì. Ẹni tó bá sì ní positron nìkan tó láti fọwọ́ sí ìkòkò, irọ́ ló ń pa.

Àmọ́ ẹ wò ó. Ogójì ọdún ni wọ́n ṣírò fún ọ̀pọ̀ rìákítọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti sún un dé 60, àwọn kan ti ń béèrè 80. Ègé irin tí wọ́n kó sínú ìkòkò kò pọ̀ sí i. Positron kì í ba ègé jẹ́, ó lè lo ìdajì tí òòlù ti kán. Kí ló wá dé tí a ò ní sọ ọ́ di dandan?

Ní Loviisa, ní Finland, lọ́dún 1996, wọ́n yan ìkòkò irin náà nínú ooru nǹkan bí 475°C kí ara ẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ọgbọ́n gidi. Àmọ́ tí ẹ bá yan irin báyìí, òòlù lè sọ pé agbára ti padà. Ṣé ihò ti lọ pátá ni, àbí ó kù díẹ̀ tó ń dúró de neutron? Ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu 20 ọdún míì.