Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ńkọ́?

"Ayé ló ṣe é." Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nìyí ní Iware lóṣù tó kọjá, nígbà tí a lọ sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti bá àrùn kan náà lọ kí ó tó pé ogójì ọdún, àwọn ènìyàn sì ti ń wo àgbàlagbà ìyàwó ilé kan ní ìwòkuwò. N kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín.

Láàárín ọdún 1998 sí 2014, àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì gba ti àwọn 997 tí kò ní in. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlópàdé, tó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ àbùdá ènìyàn, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Ojú lásán kò lè kà á. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ti aláìsàn wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ó lè rí ibi tí lẹ́tà ti ṣì.

Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, 14.7 ló jogún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí ara wọn le, 1.8 péré ni. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ló ṣáájú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa tún ibi tó bá já nínú àbùdá so. Bí òun fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe, títí sẹ́ẹ̀lì kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbọ́ àṣẹ ara. (Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò jogún ohunkóhun o, ẹlòmíràn sì jogún rẹ̀, kò ṣàìsàn láéláé.)

Àwọn àgbà wa kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí ìdílé. Ìwádìí yẹn gan-an ló ń mú ká fi àrùn pamọ́, kí ọmọbìnrin ilé má baà pàdánù ọkọ. Nínú àwọn obìnrin Ìbàdàn 577 tí a mọ ìpele àrùn wọn, 497 ló ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Èmi náà jẹ̀bi. Dókítà kan béèrè ìtàn ẹbí lọ́wọ́ mi nígbà kan. Nítorí pé ara ìyá mi le, mo ní kò sí nínú ẹbí wa. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin lè gbé àṣìṣe yìí sára láìmọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, sì ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀ tàbí láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú náà, mo bi bàbá mi bóyá àwọn méjèèjì nìkan ni. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ìyá tó bí wọn, tí wọ́n ti ń sọ fún wa láti kékeré pé àyà dídùn ló pa á.

Mo ti kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, mo kọ ọjọ́ orí wọn sí i. Èmi àti bàbá mi ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé.