Òpó Kò Mọ Ààlà: Ẹ̀kọ́ Inú Fóònù Àtijọ́



Ta ni nínú àwa ará Ifangni tí fóònù rẹ̀ kò tíì yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà fúnra rẹ̀ rí? A dúró ní Ìgólò, a kò tíì kọjá sí Ìdíròkò, síbẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé tó ń kí wa káàbọ̀ sí Nàìjíríà. Bí a kò bá tètè fura, owó ìpè wa á ti lọ.

Kí ló fà á? Mọ́dẹ̀mù ni ẹ̀yà inú fóònù tó ń bá òpó sọ̀rọ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan ń kéde nọ́ńbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìsinmi: 616 ni ti Bẹ̀nẹ̀, 621 ni ti Nàìjíríà. Mọ́dẹ̀mù ń gbọ́ wọn. Bí ti ilé bá rẹ̀ jù, ó lè fara mọ́ ti òdìkejì ààlà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe mọ́dẹ̀mù ti ti ètò tó ń darí rẹ̀ pa. Àwa tí a fi owó wa ra fóònù kò lè ka ohun tó ń ṣe lórúkọ wa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

Ní ọdún 2010, Harald Welte, ọmọ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò mìíràn fún mọ́dẹ̀mù, wọ́n pè é ní OsmocomBB. Gbangba ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà: ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì tún un ṣe. Kì í ṣe fóònù olówó ńlá ni wọ́n lò. Motorola C118 àti C123 wà lára wọn, fóònù kékeré olóbọ́tìnnì tí wọn kò ṣe mọ́.

Bí a ṣe ń dán an wò nìyí. A ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò tí a ń ki àgbọ́rọ̀ etí sí. A ó pa fóònù, a ó sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná fẹ́ẹ́rẹ́. Ètò yóò wọ inú fóònù láti orí kọ̀ǹpútà. Kò pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́: bí a bá yọ bátìrì, fóònù padà sí ipò rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀dọ́ tó jókòó ní Ìgólò lè fi ojú ara rẹ̀ rí 616 àti 621, pẹ̀lú agbára òpó kọ̀ọ̀kan.

Ètò yìí kò kọjá 2G. Àwọn tó kọ ọ́ sì ti ilẹ̀kùn ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí fóònù máa gbọ́ òpó nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i láìgba àṣẹ ARCEP. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í sì í ṣe ohun tí à ń jí gbọ́.

Ní Cotonou, àwọn ọ̀dọ́ BloLab ti fi ẹ̀yà àtijọ́ to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì. Fóònù àtijọ́ náà lè di ìwé ẹ̀kọ́ fún wa. Ẹ má jù ú sí ààtàn. Ẹ gbé e fún ọmọ tó ń béèrè ìdí.

Kí ó tó dìgbà náà, bí ẹ bá dé etí ààlà, ẹ wá « sélection manuelle » nínú fóònù yín, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yan òpó.