Aṣọ Tí Ń Jẹ́rìí

Àwọn àgbà wa a máa wí pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ní ilẹ̀ Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìjọba kan wà tí ó fi ìbọn ṣọ́ ọjà náà kí òtítọ́ má baà débẹ̀ rárá. Síbẹ̀, àwọn obìnrin tí kò ní ju abẹ́rẹ́, òwú àti àkísà lọ gbé e dé ọjà, wọ́n sì rí i tà. Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, tí a ń ro ohun tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ kí ó tó jáde láàárín wa, a bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kí ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1973 ni Ọ̀gágun Augusto Pinochet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Salvador Allende, ẹni tí àwọn ará ìlú dìbò yàn. Pinochet kò kúrò lórí àlééfà títí di oṣù kẹta ọdún 1990. Wọ́n tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, wọ́n sì pa àwọn ìwé ìròyìn tí kò gbè wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn tí wọ́n pa, àti àwọn tí wọ́n mú lọ tí a kò gbúròó wọn mọ́, ju 3,000 lọ. Bí ìyá bá lọ bèèrè ọmọ rẹ̀, wọn a sọ fún un pé àwọn kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1973 kan náà, àwọn aṣáájú Kátólíìkì, Lùtérànì, Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn Júù pawọ́ pọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Santiago láti ran àwọn tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́. Pinochet fi agbára mú kí wọ́n ti ìgbìmọ̀ náà ní òpin ọdún 1975. Kí oṣù kìíní ọdún 1976 tó parí, Kádínà Raúl Silva Henríquez ti dá òmíràn sílẹ̀ lábẹ́ Ìjọ Kátólíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní Vicaría de la Solidaridad. Lábẹ́ ààbò ìjọ báyìí ni àwọn ìyá àti ìyàwó àwọn tí a kò rí mọ́ ti ń jókòó papọ̀ ránṣọ.

Ohun tí wọ́n ń rán ni à ń pè ní arpillera. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni aṣọ àpò, irú èyí tí Bíbélì wa ń pè ní aṣọ ọ̀fọ̀. Orí aṣọ àpò yìí ni wọ́n ń rán ègé aṣọ mọ́ títí yóò fi di àwòrán: òkè ńlá ilẹ̀ wọn lẹ́yìn, oòrùn lókè, àti ní ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n gbé fọ́tò dání, tí wọ́n ń bi ìjọba léèrè ibi tí àwọn ènìyàn wọn wà. Òmíràn fi ìkòkò oúnjẹ tí àdúgbò pawọ́ pọ̀ sè hàn, òmíràn ilé iṣẹ́ tí a ti pa. Nígbà mìíràn, aṣọ ẹni tí ó sọnù gan-an ni wọ́n gé sí i. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rán ohun tí ojú wọn rí.

Ìjọ ni ó ń bá wọn tà á, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bọ́ ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn kò fi orúkọ sí iṣẹ́ wọn, nítorí ẹ̀rù.

Lónìí, iṣẹ́ tí ìjọba kórìíra yìí ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ́ nípa rẹ̀. Ó wà ní Ilé Ìrántí àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí wọ́n ṣí ní Santiago ní ọdún 2010. Ní Àríwá Ireland, Roberta Bacic, ọmọ ilẹ̀ Chile, ń ṣètò àkójọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tí ogun àti ìnilára ti ṣẹlẹ̀, Yunifásítì Ulster sì ń bá a fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Inú wa dùn sí èyí, ṣùgbọ́n a ní ohun kan láti sọ. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Àwọn mìíràn yin àwọ̀ rẹ̀ nìkan, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri bí ohun ọ̀ṣọ́. Ní tiwa, àwọn méjèèjì ṣìnà. Ẹ̀rí ni aṣọ náà, ó sì yẹ kí a máa gbọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ ẹ̀rí: kí a bèèrè ẹni tí ó rán an, ẹni tí ó ń wá, àti ohun tí ó fẹ́ kí ayé mọ̀. Àwọn obìnrin náà ń darúgbó, púpọ̀ ti lọ. Ọ̀mọ̀wé tí ó bá ń wọn òwú tí kò sì bi ẹni tí ó rán an léèrè ọ̀rọ̀ yóò pàdánù ohun tí kò ní rí padà mọ́. Bí ẹni náà bá sì fẹ́ kí orúkọ òun fara pamọ́ síbẹ̀, kí a bọ̀wọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ìjọba Chile ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò kalẹ̀ láti wá àwọn tí a kò tíì rí, àwọn yìí sì ju 1,000 lọ. Ìbéèrè tí wọ́n rán sára aṣọ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì ń dúró de ìdáhùn.

A kò gbàgbé àwọn opó Jọpa nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Nígbà tí Dọ́kásì kú, aṣọ tí ó rán fún wọn ni wọ́n gbé síwájú Pétérù kí ó lè mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé aṣọ kì í ṣe ẹ̀rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ tí ó fẹ́ràn yíya àwòrán tàbí rírán aṣọ pé ẹ̀kọ́ ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, bí ẹ bá ń ronú ohun tí ẹ óo fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, ẹ rántí yàrá iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú, kì í ṣe yàrá kọ̀ǹpútà nìkan. Kí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti olùkọ́ ìtàn sì jọ gbé aṣọ àwọn obìnrin Chile síwájú àwọn ọmọ wa, kí wọ́n bi wọ́n pé: kí ni ẹ rí, ta ni ó sì ń bá yín sọ̀rọ̀?