Otokiti Náà Lè Wádìí Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà tọ́pa aláìsàn 336 tí àtọ̀gbẹ dá egbò sí lẹ́sẹ̀. Èèyàn 119 ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Èèyàn 69 kú.

Irú egbò àdáàjinná bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ aráyé. Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ìṣó á gún èèyàn, kò ní mọ̀. Ó tún ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ohun tó yẹ kó wo egbò náà sàn kì í wá débẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé a máa ké gbàjarè: sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á tú púrótéìnì kan jáde tí wọ́n ń pè ní VEGF, èyí tó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí pé kó ta ẹ̀ka wá. Lójú egbò alátọ̀gbẹ, igbe náà kì í ròkè tó.

Bí wọ́n ṣe rí VEGF nìyí. Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, sọ ní 1971 pé kókó jẹjẹrẹ kò lè dàgbà bí kò bá pe iṣan ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ní 1983, Donald Senger àti Harold Dvorak rí púrótéìnì kan tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa jò. Ní 1989, Napoleone Ferrara àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Genentech yọ VEGF sọ́tọ̀, ó sì hàn pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń tà fún olùwádìí lónìí kò ti ara èèyàn wá. Wọ́n á mú àbùdá èèyàn tó ń darí ṣíṣe rẹ̀, wọ́n á fi sínú bakitéríà tàbí sẹ́ẹ̀lì ẹranko, ìyẹn á sì máa ṣe é bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bákan náà ni wọ́n ṣe ṣe ínsúlíìnì tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1982.

Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ béèrè VEGF ní kẹ́mísì o. Wọ́n ti fún àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí ní VEGF rí. Èsì tó jáde ní 2003 fi hàn pé, lẹ́yìn 60 ọjọ́, wọn kò sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Dídí VEGF lọ́nà ló ti sèso jù: oògùn bevacizumab, tó ń dí i lọ́nà, gba àṣẹ ní 2004 fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, àwọn dókítà ojú ní Nàìjíríà náà sì ń gún un sójú alátọ̀gbẹ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àìnídìí ń hù níbẹ̀. Ara ẹnì kan ṣoṣo, ojú ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ jù, ẹsẹ̀ kò pè é tó. Àwọn tó ń gbé oògùn ìyẹ̀fun olówó ńlá wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń sọ pé ó ń hu ẹran ara tuntun, kò ní sọ èyí fún oníbàárà wọn.

Kí ló wá kan Otokiti, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja, níbẹ̀? Lọ́kọ́ja ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ láti 2011, ó ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, àtọ̀gbẹ sì ń gbé ẹ́sítéètì Otokiti bó ṣe ń gbé Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ fi VEGF ṣe ìwádìí níbẹ̀, òtútù ni ìṣòro rẹ̀. Inú firísà ni púrótéìnì yìí ń gbé. Bí wọ́n bá ti pò ó, tó dì, tó yọ́, tó tún dì, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Iná ìjọba kì í dúró. Ọ̀nà pàápàá ń já èèyàn kulẹ̀: ní 2022, àkúnya odò bo títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní agbègbè Koton-Karfe, ọkọ̀ sùn sójú ọ̀nà. Yìnyín wo ló máa dúró de ìyẹn?

Yàrá òtútù kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n kọ́ sí Otokiti, pẹ̀lú sólà àti bátìrì, kí yunifásítì, ilé ìwòsàn àti yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Osara jọ máa lò ó. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún máa ra firísà tirẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò ní epo, ìnákúnàá ni.

Ẹyin sì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Bí ẹyin adìyẹ tó ní ọlẹ̀ bá ti lo ọjọ́ mélòó kan nínú inkubétọ̀, wọ́n lè gé fèrèsé kékeré sí èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì fojú lásán rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta ká abẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kán VEGF sí ọ̀kan, omi iyọ̀ sí èkejì, oje ewé Akíntọ́lá sí ẹ̀kẹta, á wá ka ẹ̀ka iṣan tó hù. Ewé tí àwọn àgbà ń fún sójú ọgbẹ́ àdá ni (àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀; òṣèlú kò jẹ́ kí ewé náà sinmi). Bó bá pe iṣan ẹ̀jẹ̀, á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ VEGF; bí kò bá pè é, á hàn bákan náà. Ìwọ̀n bíńtín ni ẹyin kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà ìgò VEGF kan á tó fún ọ̀pọ̀ ẹyin.

Inkubétọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ tutù títí àyẹ̀wò á fi parí, ìdí nìyẹn tí sólà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú ìṣúná. TETFund, tó ń fún àwọn yunifásítì ìjọba lówó ìwádìí, ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí ìwé kan náà.