Ṣé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló yẹ kí ọmọ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà?

Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò UTME báyìí. Ní ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé WAEC àti NECO náà máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Mi ò ta ko ìgbésẹ̀ yìí, torí ó lè dín jíjí ìwé wò kù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kọ̀ǹpútà ti wọ ìdánwò kó tó wọ kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, pàápàá ní ìgbèríko, ló jẹ́ pé àwòrán kọ̀ǹpútà tí olùkọ́ yà sójú pátákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á há a sórí: èyí ni mouse, èyí ni keyboard. Ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n á wá di mouse gan-an mú.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. JAMB fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ kan àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ 5 ní gúúsù ìlà oòrùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede sunkún níwájú àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe.

Ìgbìyànjú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Lọ́dún 2013, Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ọ̀ṣun: tablet tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ní Edo, ọ̀nà míì ni ìjọba Godwin Obaseki gbà lọ́dún 2018 pẹ̀lú EdoBEST. Olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì fún ní tablet tí ẹ̀kọ́ ojúmọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní èyí ń sọ olùkọ́ di ẹni tó kàn ń ka ohun tí ẹlòmíì kọ sílẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà Edo ni èmi fara mọ́ jù, nítorí tablet tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan lè ṣe gbogbo kíláàsì láǹfààní, kò sì ṣòro láti gba agbára sí ẹyọ kan bíi ogójì.

Kí WAEC tó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá, ó yẹ kí gómìnà kọ̀ọ̀kan sọ fún àwọn òbí iye ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ní iná tàbí sólà, àti iye kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.