Mojola Agbebi: Ọmọ Iléṣà Tó Bá Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Jà Láìyọ Idà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, pé kí ó dárúkọ olórí ẹ̀sìn tó bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, Martin Luther King tàbí Desmond Tutu ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Kò burú. Àmọ́ kí ó tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kí ó wọ mọ́tò láti Òṣogbo dé Iléṣà ná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Mojola Agbebi ní 1860, nígbà tó ku ọdún 69 kí wọ́n tó bí King.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó rán àwọn míṣọ́nnárì Baptist sí ilẹ̀ Yorùbá. Southern Baptist Convention ni. Ní 1845 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Augusta, ní Georgia, nítorí pé àwọn Baptist àríwá Amẹ́ríkà kọ̀ láti fi ẹni tó ní ẹrú ṣe míṣọ́nnárì, àwọn ará gúúsù sì ní àwọn ò gbà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni Thomas Jefferson Bowen gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò bú Bowen: ó kọ́ èdè wa, ó sì ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ibi tó ti wá kò ṣeé fi pamọ́.

Nígbà tó fi máa di 1888, W. J. David, míṣọ́nnárì òyìnbó láti Amẹ́ríkà, ló ń ṣe olórí míṣọ́n náà ní Èkó. Moses Ladejo Stone, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni pásítọ̀ ìjọ Baptist ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó oṣù dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ni David bá lé Stone níṣẹ́ láìbá ìjọ jíròrò. Ibí yìí gan-an ló ti dun àwọn ọmọ ìjọ. Nínú ìlànà Baptist, ìjọ fúnra rẹ̀ ló ń yan pásítọ̀, òun náà ló sì ń yọ ọ́. Ta ni yóò dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun ní Georgia?

Síbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ò fọ́ fèrèsé, wọn ò wọ́ òyìnbó kúrò lórí pẹpẹ, wọn ò sì kọ Jésù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ dìde, wọ́n fi ilé ìjọsìn sílẹ̀ fún míṣọ́n, wọ́n lọ dá Native Baptist Church sílẹ̀, wọ́n sì ń dáwó jọ láàárín ara wọn láti gbọ́ bùkátà iṣẹ́ Ọlọ́run. Agbebi, tí wọ́n ṣì ń pè ní David Brown Vincent nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹ rántí pé ọdún méjì péré ṣáájú ìyẹn ni àwọn èèyàn rẹ̀, Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú Èkìtì, fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà pẹ̀lú Ìbàdàn lẹ́yìn ogun Kírìjì. Ìró ìbọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni láyé ìgbà náà.

Lójú tèmi, owó tí wọ́n dá yẹn ni kókó ìjà náà. Ẹni tí kò bá gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ, o ò lè lé e níṣẹ́. Orúkọ àti aṣọ Agbebi ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń tẹnu mọ́, lóòótọ́ sì ni: ní 1894 ó pa orúkọ òyìnbó tì, ó di Mojola Agbebi. Ó bọ́ kóòtù, ó ń wọ aṣọ Yorùbá, títí kan ìgbà tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó ìgbà yẹn, tí wọ́n ń làágùn nínú kóòtù onírun lọ́sàn-án gangan, aṣọ yẹn jẹ́ ìwàásù lọ́tọ̀.

Ìwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni èyí tó ṣe ní December 1902, nígbà àjọ̀dún ọdún kìíní African Church, ìjọ mìíràn tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀ fúnra wọn ní Èkó. Ó ní ìwé orin òyìnbó, dùùrù, orúkọ òyìnbó àti aṣọ òyìnbó kì í ṣe ara ìgbàgbọ́. Èèyàn lè bọ́ wọn sílẹ̀ kí ó sì jẹ́ Kristẹni síbẹ̀. Edward Blyden, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé adúláwọ̀, kọ lẹ́tà yìn ín. Ní 1911 ó tún ránṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà jìnnà, nínú ìwé tó kọ fún Universal Races Congress ní London, níbi tí W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, náà ti kópa. Nínú ìwé náà, ó gbèjà àṣà ilẹ̀ wa níwájú àwọn tó ń pè wá ní aláìlajú. Kì í ṣe gbogbo Kristẹni ilé ni àwọn àṣà kan tó gbèjà tẹ́ lọ́rùn, ìkóbìnrinjọ pàápàá.

Àwọn kan ti torí gbogbo èyí pè é ní ọ̀tá òyìnbó. Wọn ò ka ìtàn rẹ̀ dópin ni. Ní 1914, àwọn ìjọ tó kúrò àti àwọn tó kù sọ́dọ̀ míṣọ́n tún para pọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀. Àwọn tó kúrò ò padà wá tọrọ àforíjì. Ìjọ tó ń bọ́ ara rẹ̀ ni wọ́n mú wá síbi àdéhùn. Ẹgbẹ́ yìí ló di Nigerian Baptist Convention, tó ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ láti 1914. Agbebi ni wọ́n fi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta kí ó tó kú.