Ọ̀NÀ ÈÉMÍ KÌ Í ṢE Ọ̀RÀN OGE

Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kán ní Ọjà'ba, gbogbo ọjà ni yóò pariwo, a ó sì gbé e lọ sí ibi tí a ó ti to eegun rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi imú ni ó kán ńkọ́? A ó bu omi tútù sí i lórí, a ó nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó sì ní kí ó máa lọ sílé, pé imú kì í pa ènìyàn. Àṣìṣe ńlá gbáà ni èyí, a kò sì lè dákẹ́ nípa rẹ̀.

Alùpùpù ń gbé ènìyàn ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, ọmọdé ń fi ojú gbá ilẹ̀ ní Beyerúnkà, bí ìdìbò bá sì dé, àwọn tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni òṣèlú a máa fi ẹ̀ṣẹ́ dá ara wọn lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ gbọ́: ẹni tí ẹ lù nímú ní Bẹẹrẹ lè máà rí oorun sùn dáadáa mọ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì ti jọ jókòó jẹun.

Kèrékèré kan ni ó dúró láàárín ihò imú méjèèjì bí ògiri láàárín ìyẹ̀wù méjì. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á, ó lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì dí ọ̀nà èémí. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dá dúró sí àárín kèrékèré náà àti awọ tí ó bò ó. Láti ara awọ yìí ni kèrékèré ti ń jẹun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yà wọ́n nípá, láàárín ọjọ́ díẹ̀ kèrékèré lè kú, kí igi imú sì rì wọlé. Bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, iṣẹ́ kékeré ni fún un láti la ibẹ̀ kí ó sì fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Bí omi tí ó mọ́ gaara bá sì ń kán láti imú ẹni tí ó farapa lórí, kí a má ṣe dúró rárá.

Ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tí wíwú bá ti lọ sílẹ̀, oníṣègùn lè to eegun imú padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àǹfààní yìí fi ń wà fún àgbàlagbà, ti ọmọdé kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí pé eegun tiwọn a máa tètè so. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹbọ tí imú tí a fi sílẹ̀ ń gbà ni iṣẹ́ abẹ ńlá, nínú èyí tí oníṣègùn yóò gba inú ihò imú lọ tọ́ kèrékèré tí ó wọ́. Nígbà mìíràn yóò tún gé díẹ̀ lára kèrékèré etí tàbí ti ìhà láti fi gbé igi imú dìde. Iṣẹ́ náà dára, ó sì ti dá èémí padà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí alátà ń rí lóòjọ́.

A kò bu àwọn baba wa tí ń to eegun kù. Wọ́n mọ iṣẹ́ apá àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n inú imú ṣókùnkùn, iná dókítà ni a fi ń rí ibẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé oge òyìnbó ni iṣẹ́ abẹ imú. Rárá o. Ìwé ìṣègùn àwọn ará Íjíbítì kan, tí ó ti lé ní 3,500 ọdún, ti kọ́ni bí a ti ń ki aṣọ sínú imú tí ó kán kí ó lè dúró ṣánṣán. Ta ni ó sì lè pe oorun alẹ́ ní oge?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ọmọ tí ń la ẹnu mí, tí ó sì ń tòògbé nígbà ìṣirò. Kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ bi í bóyá ó ti ṣubú rí. Kì í ṣe gbogbo imú dídí ni ó ti ọ̀dọ̀ eegun kíkán wá, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kọ ìwé sí àwọn òbí rẹ̀.

Láti ọdún 1957 ni a ti ṣí U.C.H., àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun sì wà níbẹ̀. Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tún súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀: kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wà ní Adéọ̀yọ́ tí yóò yẹ inú imú gbogbo ẹni tí ó farapa wò ní ọjọ́ náà gan-an. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi èdè Yorùbá kéde ní Mápó àti Ọjà'ba bóyá iṣẹ́ abẹ yìí wà nínú ohun tí adójútòfò ń san. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi kún un. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ gbà láti wo ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìjọba náà yangàn, ẹ bá wa bèèrè.

Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún wa ní afẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àìbìkítà sọ ọ́ di ohun tí tálákà kò lè rí mí.